Ìṣó Keje Lára Ìbọn Bàbá Kóyọ̀dé

Ìṣó mẹ́fà ló wà lára ìbọn náà nínú fọ́tò tí wọ́n yà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ikú Ọládiméjì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pa ọkùnrin náà, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá gbé ìbọn kan náà sínú ọ̀rá, méje ni wọ́n kà.

Inspector Malachi tẹ́ fọ́tò méjèèjì síwájú Hàlímọ̀tù lórí tábìlì, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò ó. Àwọn méjèèjì ti jọ ṣe ọlọ́pàá fún ọdún mọ́kànlá ní Peckham, ní London, kí Hàlímọ̀tù tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, tó wá ń ṣèwádìí fún àwọn lọ́yà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ṣì ń ṣe, àmọ́ ẹjọ́ yìí ti gbé oníkálukú sí ìhà tirẹ̀. Malachi ló mú Bàbá Kóyọ̀dé fún ẹ̀sùn ìpànìyàn. Bethany, lọ́yà bàbá náà, ló sì rán Hàlímọ̀tù pé kó lọ wá ohunkóhun tó bá lè gba arúgbó ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n gbére.

Hàlímọ̀tù gbé awò rẹ̀ sójú. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń yin àwo amọ̀ tí wọ́n bá jù sókè nínú pápá. Ìwé àṣẹ rẹ̀ pé, kò ní àbùkù kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín kò jẹ́ kó rí bí ìbọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti wé aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ti to ìṣó idẹ mẹ́fà sí igi ìdí rẹ̀ lápá ọ̀tún, orí wọn ti dúdú nítorí ọjọ́ pípẹ́. Èyí tó burú jù ni pé ó ti fi ọ̀bẹ fín ọ̀rọ̀ méjì sára igi náà gàdàgbà: IKÚ OLÈ. Ìṣó keje dá wà ní òdìkejì, lápá òsì, ó ń dán bí owó wẹ́wẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Inú bí Hàlímọ̀tù. Èèyàn á ra ìbọn ní Ìlú Ọba, á gba ìwé àṣẹ, á ra àpótí onírin tí yóò máa tì í mọ́, á pa gbogbo òfin mọ́ pátá. Lẹ́yìn náà ni yóò jókòó láàárín ọdún Kérésì, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí agbẹjọ́rò ìjọba yóò kà sétí àwọn ará ìlú méjìlá tó ń jókòó gbọ́ ẹjọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bàbá Kóyọ̀dé ti fún ìbọn rẹ̀ ní ẹnu, ẹnu náà sì ti ń rojọ́ mọ́ ọn.

Ohun tí bàbá náà sọ fún ọlọ́pàá kò gùn. Aago méje àárọ̀ Sátidé ti kọjá díẹ̀, ó wà ní pálọ̀ ilé rẹ̀ lẹ́yìn Rye Lane, ó ń nu ìbọn rẹ̀ kó tó gba Kent lọ, níbi tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń yìnbọn ṣeré. Dámisọ́lá ọmọ rẹ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Kó tó ti ilẹ̀kùn, Ọládiméjì já wọlé tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ni. Kóòtù ti kọ̀wé fún un pé kò gbọdọ̀ dé àdúgbò náà mọ́, nítorí bó ṣe máa ń lu ọmọbìnrin náà. Bàbá ní ó fi ọ̀bẹ la òun níwájú orí, òun ki ọta bọ ìbọn, òun sì yìn ín. Ó parí.

Malachi tún yọ fọ́tò mìíràn. Ọta ti gba àyà Ọládiméjì wọlé, ó ti fọ́ egungun ìhà rẹ̀, ó ti gbé e lu ìdí àtẹ̀gùn. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri títí dé òkè àjà. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ìka rẹ̀ mẹ́wàá tẹ́ sílẹ̀ ní òfìfo, ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀. Fọ́tò Dámisọ́lá tẹ̀ lé e: ọrùn rẹ̀ wú, irun rẹ̀ já lápá kan, àmì róbótó mẹ́ta pọ́n sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀. Nínú ìwé àwọn ọlọ́pàá, òrùka ọwọ́ Ọládiméjì ló ṣe é nígbà tó gbá a ní ẹ̀ṣẹ́.

Malachi ní Ọládiméjì kò kú lójú ẹsẹ̀. Dókítà sọ pé ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fi ń mí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lọ́fun. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, aládùúgbò wọn gbọ́ tí ẹnìkan ń lu òòlù nínú ilé. Ọlọ́pàá bá òòlù ní pálọ̀, wọ́n bá agolo ìṣó idẹ ní ṣíṣí. Ó ní ká ní bàbá náà yìnbọn lásán ni, bóyá òun alára ni òun ìbá bẹ̀bẹ̀ fún un, torí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ro ti ẹni tí wọ́n ká mọ́lé, tí ẹ̀rù sì bà débi pé kò ráyè wọn agbára tó lò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í lọ gbé òòlù kó máa ka òkú mọ́ ìbọn rẹ̀ nígbà tí ẹni tó yìn ṣì ń pọ̀kàkà ikú.

Hàlímọ̀tù bọ́ awò ojú rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ yẹn, ó ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ikú náà. Bàbá Kóyọ̀dé ti sọ fún Bethany pé tó bá di ọjọ́ Ajé, òun yóò dúró níwájú adájọ́, òun yóò sì ní òun jẹ̀bi, kí ẹjọ́ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó di ẹ̀wọ̀n nìyẹn, inú ẹ̀wọ̀n náà ni yóò sì kú sí.

*

Ohun àkọ́kọ́ tí Hàlímọ̀tù rò ni pé bóyá wọ́n ti kan ìṣó náà ṣáájú Sátidé, kó jẹ́ pé òòlù mìíràn ni aládùúgbò gbọ́, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tún ilé ṣe ní Peckham. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ Malachi ti fọ́ nìyẹn. Ó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò náà, ìyá òyìnbó kan tó ti gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Kóyọ̀dé fún ọdún méjìlélógún.

Ìyá náà fọ́ ìrètí yẹn kí tíì tó gbé síwájú rẹ̀ tó tútù. Ó ní ògiri tó pín ilé àwọn kò nípọn, inú pálọ̀ Kóyọ̀dé gan-an ni ìró náà ti wá, lẹ́yìn ìbọn. Ó lù ú bí ẹ̀ẹ̀mẹta, kò lágbára, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni òun gbọ́ ohùn Kóyọ̀dé tó ń sọ èdè wọn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ níwèé. Ìró òòlù tún bẹ̀rẹ̀, ó le díẹ̀ sí i.

Hàlímọ̀tù bi í bóyá ó sọ ti ohùn náà fún àwọn ọlọ́pàá. Ìyá náà ní wọ́n bi òun nípa òòlù ni, wọn kò bi òun nípa ohùn.

Hàlímọ̀tù dúró sẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo bọ́ọ̀sì tó ń kọjá ní Rye Lane. Ta ni èèyàn ń bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú ara rẹ̀? Kì í ṣe ẹni tó ń kú lọ lẹ́bàá àtẹ̀gùn.

*

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó lọ bá bàbá náà lẹ́wọ̀n. Wọ́n ti rán iwájú orí rẹ̀, ojú ọgbẹ́ ti jiná, ó ti rù. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi wa bọ́ọ̀sì ní gúúsù London, ó sì ṣì ń jókòó bí awakọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gún gbọnrangandan. Hàlímọ̀tù kí i, ó bi í bó ṣe ń jẹun, kó tó dé ibi ọ̀rọ̀.

"Daddy, ta ló kan ìṣó keje?"

"Èmi ni. Ta ni ìbá tún kàn án?"

"Kí lẹ kàn án fún?"

Bàbá wo àwọn wọ́dà tó dúró lójú ọ̀nà kó tó dáhùn. Ó ní ọdẹ ni bàbá òun ní Ìgbẹ́tì. Ìṣó mẹ́fà yẹn, ara ìbọn ṣakabùlà bàbá òun ni òun ti yọ wọ́n nígbà tí igi rẹ̀ jẹrà, òun kàn wọ́n mọ́ tòun kí orúkọ bàbá má bàa parẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló dúró fún ẹranko tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ le: àmọ̀tẹ́kùn kan, ẹfọ̀n márùn-ún. Nínú ilé tiwọn, ẹni tó bá pa irú ẹran bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ìṣó rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Bí kò bá kàn án, ohun tó pa yóò máa wá dúró tì í lórí ibùsùn lálaalẹ́, kò ní í sùn mọ́. Àbúrò bàbá òun fi ẹ̀fẹ̀ ṣe é, kò kàn án. Oṣù méje ni kò fi rí oorun, kó tó di pé wọ́n fi okùn fà á jáde nínú kànga.

"Ẹnì kan ò wá lè bá ẹni kàn án?" Hàlímọ̀tù bi í.

"Rárá o. Ẹni tó yìn ín ló ń kàn án, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀."

"Daddy, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lọ church láti ọjọ́ yìí wá, ẹ gba èyí gbọ́?"

"Mo gba Jésù gbọ́. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà ní church wa ní Old Kent Road, usher ni mí." Ó rẹrìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo rí ojú àbúrò bàbá mi nígbà tí wọ́n fà á jáde."

Hàlímọ̀tù ní kó fi bó ṣe gbé ìbọn han òun. Bàbá gbé ọwọ́ òfìfo sókè lójú ẹsẹ̀: ọ̀tún níbi tí wọ́n ti ń fà á, òsì níwájú, ó sì tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sórí igi tí kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́ ni.

Nígbà tí Hàlímọ̀tù dìde, bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọjọ́ Monday, mo máa ní mo guilty. Ẹ bá mi sọ fún Bethany, mi ò fẹ́ trial. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọmọ yẹn sí witness box kí wọ́n máa da ìbéèrè bò ó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi máa sùn, Hàlímọ̀tù. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn."

Hàlímọ̀tù kúrò níbẹ̀, ó kírun Jímọ̀, ó sì gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

*

Òfin gbà kí àwọn tó wà lẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn rí ìbọn náà. Malachi gbé e jáde pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, ó ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí Hàlímọ̀tù gbé e láìtú ọ̀rá.

Ó gbé e sí èjìká ọ̀tún bí bàbá náà ṣe fi hàn án. Ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sórí igi. Nǹkan ha á lójú ẹsẹ̀, kódà pẹ̀lú ọ̀rá láàárín. Ó yọ orí, ó wò ó. Ìṣó keje ni. Ojú ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fi ọ̀tún yìnbọn gbọ́dọ̀ wà gẹ́lẹ́ ni wọ́n kàn án sí.

Hàlímọ̀tù wo apá ọ̀tún igi náà. Ìdí nìyẹn tí mẹ́fà tó kù fi wà lápá ọ̀tún: Kóyọ̀dé tò wọ́n síbẹ̀ kí wọ́n má bàa kan ojú rẹ̀. Àyè ìṣó méjì sì ṣì ṣófo lẹ́yìn ìkẹfà. Kí ló lè mú kí ọkùnrin tó bìkítà fún ìbọn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ fo àyè yẹn dá, kó wá kan ìṣó síbi tí yóò ti máa ya ara rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́?

Ó yí ìbọn náà padà, ó gbé e sí èjìká òsì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ bọ́ sórí àwọn ìṣó dúdú. Mẹ́ta nínú wọn tó tẹ̀ léra ló kàn án lára. Tó bá jẹ́ pé ìbọn bú lọ́wọ́ rẹ̀ ní báyìí, tí igi náà sì ta sẹ́yìn bí igi ìbọn ṣe máa ń ta, ìṣó mẹ́ta yẹn yóò tẹ àmì róbótó mẹ́ta sí i lójú.

Malachi bi í pé kí ló ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ń fọwọ́ pa á. Ó ní kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí Malachi jẹ́ kí òun tún fọ́tò òkú náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wo ọwọ́ Ọládiméjì dáadáa, ìka mẹ́wàá. Kò sí òrùka kankan níbẹ̀, kò sì sí àmì pé ó ti wọ òrùka rí.

*

Láti inú bọ́ọ̀sì 197 tó ń lọ sí Forest Hill, Hàlímọ̀tù to ọ̀rọ̀ náà jọ, kò sì fẹ́ràn ohun tó ń tò. Àmì ìṣó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọmọbìnrin náà. A jẹ́ pé òun ló yìnbọn. Bó bá jẹ́ òun ló yìnbọn, òun náà ló gbọ́dọ̀ kan ìṣó gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé wọn, ohùn jẹ́jẹ́ tí ìyá òyìnbó gbọ́ sì ni ohùn bàbá tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ bí yóò ṣe kàn án. Ibì kan ló kù tó ń jò: ọlọ́wọ́ òsì nìkan ló lè gbé ìbọn sí èjìká yẹn. Ó sì ti bá Dámisọ́lá pàdé lẹ́ẹ̀mejì ní ọ́fíìsì Bethany. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gba ìwé, ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbé tíì fún un.

Dámisọ́lá ti kó lọ sí yàrá kan nílé àbúrò ìyá rẹ̀ ní Forest Hill. Òun nìkan ló wà nílé. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó kúnlẹ̀ kí Hàlímọ̀tù bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ó gbé àga fún un, ó sì mú ọsàn kan àti ọ̀bẹ jáde pé kí Aunty fi panu.

Hàlímọ̀tù ń wò ó. Ọmọbìnrin náà fi ọ̀tún di ọsàn mú, ó fi òsì bó o. Èèpo rẹ̀ ń yí jáde ní gígùn, kò já, ọwọ́ òsì náà yá, ó mọ iṣẹ́. Nígbà tó bó o tán, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì fi ọ̀tún na ọsàn sí àlejò rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ láti máa fi ọ̀tún fún èèyàn ní nǹkan?"

"Mummy mi ni. Wọ́n máa ń sọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Tí mo bá fi òsì fún àlejò ní nǹkan, they'd smack it, everywhere, even ní church." Ó rẹrìn-ín, ó sì rí i pé Hàlímọ̀tù kò bá òun rẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́, ọ̀bẹ, òòlù, òsì lo fi ń ṣe wọn."

Dámisọ́lá fi ọwọ́ òsì náà pamọ́ sẹ́yìn.

"Wá síbi iná, jẹ́ n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ."

Àpá mẹ́ta náà ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n tẹ̀ léra wọn bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tẹ ẹ̀kọ tútù. Hàlímọ̀tù fi ìka kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọmọ tí òun bí lè purọ́ fún òun, ọkùnrin tí òun fẹ́ lè purọ́ fún òun, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ìṣó tó purọ́.

Ọmọbìnrin náà jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ó ní Ọládiméjì fi irun wọ́ òun láti ẹnu ọ̀nà dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń fún òun lọ́rùn. Bàbá òun sáré jáde ní pálọ̀ láìmú ohunkóhun dání, ó rọ̀ mọ́ ọn. Ọládiméjì yí padà, ó fi ọ̀bẹ la bàbá níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ dí i lójú, ó ṣubú.

"He was sitting on Daddy's chest, Aunty. Ó jókòó lé wọn láyà. Ó ti gbé ọ̀bẹ sí ọrùn wọn, ó wá ń wò mí. Ó fẹ́ kí n máa wò ó. Ó ní kí n ka one to three." Ó nu imú. "Daddy ti mú mi lọ sí Kent lẹ́ẹ̀mejì, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ki ọta. Mo wọ pálọ̀ níbi tí ìbọn wà, mo yọ ọ̀kan nínú bag. Mo yìn ín. I didn't even count."

Ìbọn náà gbé Ọládiméjì kúrò lórí bàbá, ó gbé e lu ìdí àtẹ̀gùn. Bàbá nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀, ó rí ìbọn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó rí ẹni tó ń kú. Dámisọ́lá fẹ́ lọ di ojú ọgbẹ́ náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti rí ihò náà, ó sì mọ̀ pé kò sí ohun tí wọ́n lè fi dí i. Bàbá fà á wọ pálọ̀, ó gbé òòlù lé e lọ́wọ́. Ó ní kó kàn án kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ìṣó ń yẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń ta á gooro níbi tí ìṣó àtijọ́ ti tẹ̀ ẹ́, kò fẹ́ fọwọ́ kan ìhà yẹn mọ́, ló bá yí igi náà padà, ó kàn án sí òdìkejì. Bàbá tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà lójú kò tilẹ̀ mọ ìhà tó kàn án sí. Ó kàn ń sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, ọmọ mi.

Lẹ́yìn náà ni ó gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á látòkè délẹ̀, ó sì pe ọlọ́pàá. Ó fi ìyá rẹ̀ tó ti kú bẹ̀ ẹ́ pé kò gbọdọ̀ sọ. Ó ní ọmọ náà kò ní ìwé àṣẹ ìbọn, wọn yóò jù ú sẹ́wọ̀n, wọn yóò gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀, òun sì ti dàgbà, kò sí ohun tí ẹ̀wọ̀n fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun mọ́.

Hàlímọ̀tù fà á mọ́ra. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí omi ti jáde lójú òun náà kẹ́yìn lórí iṣẹ́. Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó kù.

"Ṣé o ń rí oorun sùn?"

Dámisọ́lá mi orí pé rárá. Ó sọ ìdí rẹ̀ fún un.

*

Lọ́jọ́ Àìkú, Bethany jókòó síta nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń dúró. Ó ti sọ fún Hàlímọ̀tù bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láìfi dúdú pe funfun. Ẹni tó yìnbọn nígbà tí ọ̀bẹ wà lọ́rùn bàbá rẹ̀ nínú ilé bàbá rẹ̀, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Malachi yóò da ìbéèrè bò ó, wọn yóò bi í nípa ìṣó, wọn yóò bi bàbá nípa irọ́ tó pa àti ọ̀rọ̀ tó fín sára igi. Kò ní í rọrùn. Ṣùgbọ́n bí bàbá náà bá ní òun jẹ̀bi lọ́la, kò sí ẹni tí yóò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan mọ́.

Nínú yàrá, Hàlímọ̀tù ṣe àlàyé gbogbo rẹ̀ fún bàbá: àyè tó ṣófo lápá ọ̀tún, ìṣó tó ha òun lẹ́rẹ̀kẹ́, àpá mẹ́ta, òkú tí kò ní òrùka, ọsàn. Bàbá tẹ́tí sílẹ̀ títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ni ó mi orí.

"Èmi ni mo pa á. Mo ti sọ ọ́, mi ò ní yí i padà. Bí irọ́ bá tiẹ̀ ni, irọ́ tèmi ni."

"Daddy, ó ti jẹ́wọ́ fún mi."

"Ọmọ lásán ni. Kò mọ ohun tó ń sọ." Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì bi í bí ẹni tó ń bẹ̀rù èsì. "Ṣé ó ń sùn ṣá? Ó kàn án kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Mo rí i. Ó yẹ kó máa sùn."

Hàlímọ̀tù ti mọ̀ láti Forest Hill pé yóò bi òun ní ìbéèrè yìí, kò sì tíì sí ìbéèrè tó wù ú kó fi irọ́ dáhùn tó èyí rí.

"Kò tíì sùn láti ọjọ́ Sátidé yẹn, Daddy. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo bi í bóyá Ọládiméjì ló ń wá dúró tì í. Ó ní rárá, òun ò rí i rí, kódà lójú àlá. Ẹ̀yin lẹ ń dúró tì í. Tó bá ti dijú, ẹ̀yin ló ń rí níbí yìí, lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀wọ̀n, títí ẹ ó fi kú."

Ẹ̀yìn bàbá náà tó máa ń gún tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì, ó wò wọ́n, ó tún wo ilẹ̀kùn. Ó sunkún bí àgbà ọkùnrin ṣe ń sunkún, láìpariwo, ó sì pẹ́ nídìí rẹ̀.

"Ẹ pe lọ́yà wọlé," ó ní. "Kó mú bíírò dání."